Ta Ló Ń San Owó Sùúrù?

Lọ́jọ́ Àìkú kan nínú oṣù kẹsàn-án ọdún 2013, ẹgbẹ́ Houston Astros ń gbá bésíbọ́ọ̀lù lórí tẹlifíṣọ̀n, àwọn tó máa ń díwọ̀n iye ènìyàn tó ń wòran sì kọ òdo sílẹ̀. Òdo gidi: 0.0. Kì í ṣe pé kò sẹ́ni kankan láyé tó wò ó o. Ohun tí nọ́ńbà yẹn ń sọ ni pé nínú àwọn ilé tí wọ́n fi ń ṣe ìdíwọ̀n ní agbègbè Houston, iye tó ń wò ó ò tó ohun tí wọ́n lè kà. A gbà pé ẹgbẹ́ Texans náà ń gbá bọ́ọ̀lù tiwọn lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n Houston ni ìlú kẹrin tó tóbi jù ní Amẹ́ríkà, ìlú tí ọmọ Yorùbá pọ̀ sí débi pé ọ̀pọ̀ nínú wa ló ní ẹ̀gbọ́n tàbí ọ̀rẹ́ tó ń gbé ibẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ ò kú, tẹlifíṣọ̀n wọn ò sì bàjẹ́. Ó ti sú wọn ni.

Kò lè ṣe kó má sú wọn. Eré 162 ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gbá láàárín ọdún kan. Ní 2011, Astros pàdánù 106 nínú rẹ̀. Ní 2012, wọ́n pàdánù 107. Ní 2013, wọ́n pàdánù 111. Èyí tó wá burú jù ni pé ojú àwọn tó ń darí ẹgbẹ́ náà ò pọ́n rárá. Wọ́n ti mọ̀ pé bó ṣe máa rí nìyẹn. Ara ètò ni.

Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé díẹ̀ fún ẹni tí kò mọ eré náà. Bí ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù bá fẹ́ di alágbára, ọ̀nà méjì ni wọ́n sábà máa ń sọ pé ó wà. Ọ̀kan ni kí wọ́n náwó. Lọ́dọọdún, tí sáà bá ti parí, àwọn agbábọ́ọ̀lù kan máa ń wà tí àdéhùn wọn ti tán, tí wọ́n sì lè lọ síbi tó bá wù wọ́n. Free agent ni wọ́n ń pè wọ́n. Ẹni tí owó bá wà lọ́wọ́ ẹ̀ á lọ bá wọn dúnàádúrà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, New York Mets fi 765 mílíọ̀nù dọ́là mú Juan Soto, àdéhùn ọdún 15. Kò sí òfin tó ní kí ẹgbẹ́ má ná ju iye kan lọ nínú bésíbọ́ọ̀lù. Owó orí ni wọ́n kàn ń bù lé ẹni tó bá kọjá gbèdéke.

Ọ̀nà kejì ni títún ilé kọ́. Ẹgbẹ́ á kó àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ tó dára fún ẹlòmíràn, á gba àwọn ọmọdé tí ẹnikẹ́ni ò tíì mọ̀ dípò wọn. Á wá máa pàdánù. Lábẹ́ òfin tó wà nígbà ayé àtúnkọ́ Houston, ẹgbẹ́ tó bá gbẹ́yìn jù ló ń kọ́kọ́ mú nínú draft, níbi tí wọ́n ti ń pín àwọn ọ̀dọ́ tó ń jáde láti ilé ìwé. Nítorí náà, bí o bá ṣe burú tó ni ọmọ tí wàá rí mú ṣe máa dára tó. Ọdún mẹ́ta, ọdún mẹ́rin, ọdún márùn-ún, àwọn ọmọ náà á dàgbà. Bí Houston ṣe mú Carlos Correa ní 2012 nìyẹn. Ní 2014, ìwé ìròyìn Sports Illustrated gbé Astros sí ojú ìwé àkọ́kọ́, ó ní àwọn ni yóò gba ife ní 2017. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Nígbà tí 2017 dé, wọ́n gbà á lóòótọ́.

Láti ọjọ́ yẹn ni gbogbo ènìyàn ti di ọmọ ẹ̀yìn sùúrù. Ẹgbẹ́ tó bá ṣe dáadáa lọ́nà yìí, wọ́n á ní ó gbọ́n, ó ní ìwà. Èyí tó bá náwó, wọ́n á ní olójúkòkòrò ni, kò lè dúró. Ó rọrùn fún àwa gan-an láti gba ìyẹn gbọ́, torí pé ohun tí wọ́n fi tọ́ wa náà ni. Sùúrù ni baba ìwà. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ta ni ò gbọ́ ọ títí ó fi há sórí? Ẹni tó gbin nǹkan, tó bomi rin ín, tó sì dúró dè é, ọmọlúwàbí ni lójú wa. Ẹni tó lọ sọ́jà lọ ra èyí tó ti jinná, a máa ń fojú kan wò ó.

Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, sùúrù ta ni à ń sọ?

Àgbẹ̀ tó gbin iṣu tó sì ń retí rẹ̀, ebi tó ń pa á nínú oṣù tí iṣu ò tíì ta, inú òun fúnra rẹ̀ ló wà. Ìdí tí a fi ń yìn ín nìyẹn. Bí àgbẹ̀ bá wá gbin iṣu, tó jẹun yó lójoojúmọ́, tó ní kí aládùúgbò máa gbààwẹ̀ títí iṣu òun yóò fi ta, orúkọ mìíràn ló yẹ ká pe ìyẹn. A ò ní pè é ní sùúrù.

Ẹ wo owó Houston. Nígbà tí sáà 2013 bẹ̀rẹ̀, owó tí wọ́n ń san fún gbogbo agbábọ́ọ̀lù wọn lápapọ̀ ò tó 30 mílíọ̀nù dọ́là. Lọ́dún kan náà, Yankees ń san ju 200 mílíọ̀nù lọ. Àwọn tó ni Astros ò pàdánù oúnjẹ kankan nígbà tí wọ́n ń pàdánù eré 111. Ìnáwó wọn ló ń dínkù. Àwọn tó ń gbààwẹ̀ ni ará Houston tó fi owó ara rẹ̀ ra tíkẹ́ẹ̀tì, tó gbé ọmọ rẹ̀ dání, tó ra omi àti hot dog, tó jókòó wo ẹgbẹ́ tí àwọn ọ̀gá rẹ̀ ti pinnu pé ọdún yìí kọ́. Ṣé wọ́n sọ fún un? Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ kọ́. Wọ́n ń sọ ọ́ nínú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò pẹ̀lú ọ̀rọ̀ dídùn nípa ọjọ́ iwájú. Lórí tíkẹ́ẹ̀tì, wọn ò kọ ọ́ síbẹ̀.

Àwọn mìíràn tún wà tí a kì í fi bẹ́ẹ̀ rántí: àwọn tó wà lórí pápá gan-an. Agbábọ́ọ̀lù kì í mọ̀ọ́mọ̀ pàdánù o. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Ẹni tó wọ aṣọ Astros ní 2013 ń sáré, ó ń làágùn, torí pé ọdún yẹn lè jẹ́ ọdún kan ṣoṣo tó máa lò nínú líìgì ńlá láyé rẹ̀. Àwọn tó wà lókè ló kó ẹgbẹ́ tí kò lè borí jọ, tí wọ́n wá rán an jáde lálaalẹ́. Wọ́n fi ayé ẹni ọdún 29 ṣe ilẹ̀dú fún ọmọ ọdún 18.

Ní ti ọ̀nà kejì, ọ̀nà owó, a fẹ́ kí ẹ mọ ibi tó ti wá, torí pé àwọn tó ń bú u kì í sọ ìtàn yẹn. Kí ọdún 1975 tó parí, kò sí nǹkan tó ń jẹ́ free agent bí a ṣe mọ̀ ọ́n lónìí. Gbólóhùn kan wà nínú àdéhùn gbogbo agbábọ́ọ̀lù tó fún ẹgbẹ́ láṣẹ láti máa tún un mú lọ́dọọdún, títí ayé. Bí ẹgbẹ́ bá fẹ́, ó lè tà ọ́. Bí kò bá fẹ́, kò ní í tà ọ́. Ìwọ ò ní ẹnu níbẹ̀. Ìwọ̀fà pàápàá sàn díẹ̀, torí ọjọ́ tí gbèsè bá tán, ilé ló ń lọ.

Ọkùnrin adúláwọ̀ kan tó ń jẹ́ Curt Flood ló kọ̀. Ọdún 12 ló ti lò pẹ̀lú St. Louis Cardinals, ó ti bá wọn gba ife lẹ́ẹ̀mejì, nígbà tí wọ́n kó o fún Philadelphia ní oṣù Kẹwàá ọdún 1969 láì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Owó rẹ̀ tó nǹkan bí 90,000 dọ́là lọ́dún, owó ńlá nígbà náà. Lọ́jọ́ tó ku ọ̀la Kérésì, ó kọ lẹ́tà sí Bowie Kuhn, ọ̀gá àgbà líìgì, pé òun kì í ṣe ẹrù tí wọ́n lè máa rà kí wọ́n máa tà. Nígbà tí wọ́n bi í lórí tẹlifíṣọ̀n pé kí ló ń ráhùn fún pẹ̀lú owó tó ń gbà, ó ní ẹrú tí wọ́n ń san owó gidi fún, ẹrú náà ni. Ó gbé ẹjọ́ náà dé Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ. Ní 1972, adájọ́ márùn-ún dá a lẹ́bi, mẹ́ta gbè é. Iṣẹ́ rẹ̀ bàjẹ́ pátápátá. Eré 13 péré ló tún gbá lẹ́yìn tó gbé wọn lọ sílé ẹjọ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1975, onílàjà kan, Peter Seitz, dá àwọn ajubọ́ọ̀lù méjì sílẹ̀, Andy Messersmith àti Dave McNally, ilẹ̀kùn sì ṣí. Curt Flood ò jẹ níbẹ̀.

Nítorí náà, bí a bá gbọ́ pé wọ́n san 765 mílíọ̀nù fún ẹnì kan, tí ẹnu wa sì là, ká rántí pé owó yẹn wà tẹ́lẹ̀. Láti ọwọ́ àwọn òǹwòran àti ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ló ti ń wá. Ìbéèrè tó wà níbẹ̀ ni pé àpò ta ni yóò wọ̀: àpò ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù ni àbí àpò ẹni tó ni pápá? Ẹgbẹ́ tó kọ̀ tí kò náwó, kì í ṣe pé owó náà di àánú fún aláìní.

Ká tún lọ sí ẹ̀yìn ilé àwọn onísùúrù díẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bá mú nínú draft, nígbà tó bá dé líìgì ńlá, ó gbọ́dọ̀ lo ọdún mẹ́fà kó tó di free agent. Ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, owó tó kéré jù tí òfin gbà ló sábà máa ń gbà, bó ti wù kó dára tó. Ìdí gan-an tí àtúnkọ́ fi ń ṣiṣẹ́ nìyí: iṣẹ́ ńlá, owó kékeré. Wọ́n wá ń ka ọjọ́. Ní 2015, Kris Bryant ti Chicago Cubs gbá bọ́ọ̀lù ju gbogbo ènìyàn lọ nígbà ìgbáradì, ẹgbẹ́ sì dá a padà sí líìgì kékeré, wọ́n ní ó ṣì ní ohun tó máa kọ́ nípa bí wọ́n ṣe ń dáàbò bo ẹ̀yìn. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹrin, wọ́n pè é. Ọjọ́ 172 ni ọdún kan nínú ìwé líìgì. Ọjọ́ 171 ni Bryant ní nígbà tí sáà parí. Ọjọ́ kan péré, ẹgbẹ́ sì fi jèrè odindi ọdún kan lórí rẹ̀. Ó fi ẹjọ́ sùn. Ní 2020, wọ́n ní kò jàre. Ó jọ pé kíkọ́ nípa ìdáàbò bò yẹn ò gbà ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, àbí?

Bryant ṣì rí jẹ. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ líìgì kékeré ńkọ́, àwọn èèbù iṣu yòókù tí kò ní í hù? Títí di 2022, ẹni tó wà ní ìpele tó kàn líìgì ńlá ń gba nǹkan bí 17,500 dọ́là lọ́dún, ní orílẹ̀-èdè tí iye yẹn ò lè san owó ilé. Ìgbà tí wọ́n dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ló tó di 35,800 ní 2023. Orí irú wọn ni wọ́n ń kọ́ ilé sùúrù lé.

Kì í tún ṣe gbogbo èèbù ló ń ta. Bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Lọ́dún tí wọ́n pàdánù 111 yẹn, Houston ló kọ́kọ́ mú nínú draft, wọ́n sì mú Mark Appel, ajubọ́ọ̀lù láti Stanford. Èjìká àti ìgbọ̀nwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ lẹ́nu. Wọ́n kó o fún Philadelphia. Ní 2018, ó fi bésíbọ́ọ̀lù sílẹ̀ láì tíì ju bọ́ọ̀lù kan nínú líìgì ńlá. Ó padà wá, nígbà tó sì di oṣù kẹfà 2022, ní ẹni ọgbọ̀n ọdún, ó jù ú fún Phillies. Inú wa dùn sí i púpọ̀. Àmọ́ ẹ bi ará Houston tó jókòó wo ìpàdánù tí wọ́n fi rà á.

Ẹ má rò pé a wá gbè sẹ́yìn olówó o. Owó náà ní ìwà ìkà tirẹ̀. Ní 1997, Florida Marlins, ẹgbẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún márùn-ún, náwó ra àwọn gbajúmọ̀, wọ́n sì gba World Series. Kí ẹsẹ̀ àwọn tó ń jó ní Miami tó rọlẹ̀, ẹni tó ni ẹgbẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú wọn ká, ó ń tà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní 1998, wọ́n pàdánù 108. Kò sí ẹgbẹ́ kankan tó gba ife rí tó ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Aṣọ àyálò ni: bí kò fún ni lápá, á ṣo ni lókùn, ọjọ́ tí olówó aṣọ bá sì fẹ́ ẹ, a bọ́ ọ lọ́jà. Texas Rangers ńkọ́, tó fún Alex Rodriguez ní 252 mílíọ̀nù fún ọdún mẹ́wàá? Ó gbá bọ́ọ̀lù bí iwin, ọdún mẹ́ta tó lò níbẹ̀ ni ẹgbẹ́ sì fi gbẹ́yìn ẹ̀ka wọn. Ní 2023, Mets náwó ju ẹgbẹ́ èyíkéyìí tó ti wà ṣáájú ìgbà yẹn lọ nínú ìtàn eré náà, wọ́n borí 75, wọ́n pàdánù 87. Lọ́dún àkọ́kọ́ Soto, 2025, wọn ò tiẹ̀ dé ìdíje àṣekágbá.

Dodgers ló ń da gbogbo ìjiyàn yìí rú. Wọ́n fún Shohei Ohtani ní 700 mílíọ̀nù fún ọdún mẹ́wàá, 680 mílíọ̀nù nínú rẹ̀ ni wọn ò sì ní í san títí àdéhùn náà yóò fi parí. Wọ́n gba ife ní 2024, wọ́n tún gbà á ní 2025. Gbogbo ayé ń pariwo pé wọ́n ra ife. Lóòótọ́ ni, wọ́n rà á. Àmọ́ Clayton Kershaw, draft ni wọ́n ti mú un ní 2006. Will Smith náà, ọmọ ilé ni. Àwọn tó ń náwó jù ló tún ń tọ́ ọmọ dáadáa jù. Ọ̀kan nínú àwọn tó ní ìpín nínú Dodgers ni Todd Boehly, ẹni tí àwọn ọmọ Chelsea láàárín wa mọ̀ dunjú láti 2022. (Ẹ má bínú. A mọ̀ pé egbò yẹn ò tíì jinná.) Òun náà gbìyànjú àtira ọmọdé tó pọ̀ pẹ̀lú owó ńlá, ìyẹn ni pé ó fẹ́ fi owó ra sùúrù, ẹ sì rí bí ó ti pẹ́ tó kí orí tó fara balẹ̀ ní Stamford Bridge.

Nítorí náà, kì í ṣe ìjà láàárín sùúrù àti ojúkòkòrò rárá. Ohun tó ń ya ẹgbẹ́ kan sọ́tọ̀ sí èkejì, lójú tiwa, ni bóyá ẹni tó ń ní kí a dúró náà ń dúró. Kansas City Royals kì í ṣe olówó. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi pàdánù, wọ́n tọ́ àwọn ọmọ tiwọn, wọ́n gba ife ní 2015, àkọ́kọ́ láti 1985. Ìlú kékeré ni, kò lè bá New York dúnàádúrà. Bí ẹni tí kò ní bá ní kí a ní sùúrù, a ó gbọ́ ọ, torí òun náà wà nínú rẹ̀. Ẹni tó ní, tó sì ń sọ ọ́, ọ̀rọ̀ tiẹ̀ yàtọ̀.

Chicago White Sox wà ní ọ̀kan nínú ìlú tó lówó jù ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù Kejìlá 2016, wọ́n kó Chris Sale fún Boston, wọ́n ní àtúnkọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ènìyàn gbà, wọ́n fara dà á. Ní 2021, wọ́n borí ẹ̀ka wọn. Astros ló lé wọn sílé, ìyẹn náà tán. Ní 2024, wọ́n pàdánù 121. Kò sí ẹgbẹ́ kankan láti 1900 tó pàdánù tó bẹ́ẹ̀ nínú sáà kan. Wọ́n tún ní kí àwọn ènìyàn ní sùúrù. Ọmọ tó wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́ ti fẹ́ jáde ilé ìwé girama. Ibo ló ti máa lọ gba ìgbà èwe rẹ̀ padà?

Ẹnì kan á ní: ta ló fi tipátipá mú un? Bí eré ò bá dùn, kó má lọ. Ṣé ẹran tó rà lọ́jà kò dára, kò sì lè lọ sọ́dọ̀ alápatà mìíràn? Ìdáhùn náà ò le. Ẹgbẹ́ kì í ṣe alápatà. Bàbá rẹ ló fi lé ọ lọ́wọ́, tàbí àdúgbò rẹ. Ẹni tó bá lè pààrọ̀ ẹgbẹ́ bí ẹni pààrọ̀ SIM ò nífẹ̀ẹ́ ẹgbẹ́ kankan látilẹ̀. Àwọn tó ni ẹgbẹ́ sì mọ̀ pé o ò ní í lọ. Ohun tó jẹ́ kí wọ́n lè pàdánù fún ọdún mẹ́ta láì bẹ̀rù ni ìfẹ́ rẹ, wọ́n sì ń tà á fún ọ.

Líìgì fúnra rẹ̀ ti gbà pé nǹkan ń bàjẹ́. Nínú àdéhùn tí wọ́n ṣe ní 2022, wọ́n fi tẹ́tẹ́ sí draft, kó má bàa jẹ́ pé ẹni tó gbẹ́yìn jù ló máa kọ́kọ́ mú dandan. Wọ́n tún fi òfin sí i pé ẹgbẹ́ kan ò lè máa jẹ níbẹ̀ lọ́dọọdún. Òfin yìí ló mú White Sox: pẹ̀lú ìpàdánù 121 wọn, ipò kẹwàá ni wọ́n ti mú nínú draft 2025. A rẹ́rìn-ín nígbà tí a kà á, ká má purọ́.

Ṣé ife ń wẹ gbogbo rẹ̀ nù? Ẹ padà sí Houston. Ní oṣù kìíní 2020, líìgì kéde pé ní 2017, ọdún ife yẹn gan-an, Astros ń fi kámẹ́rà jí àmì tí àwọn alátakò ń ṣe fún ara wọn, wọ́n sì ń lu agolo ìdọ̀tí láti fi sọ fún ẹni tó ń gbá a. Wọ́n bu owó ìtanràn 5 mílíọ̀nù dọ́là lé wọn, wọ́n gba ẹ̀tọ́ draft lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì dá Jeff Luhnow, ẹni tó ya àwòrán àtúnkọ́ náà, dúró fún ọdún kan. Ọjọ́ yẹn ni ẹgbẹ́ lé e. A ò ní sọ pé títún ilé kọ́ ló bí olè jíjà. Àwọn ẹgbẹ́ mìíràn tún ilé kọ́, wọn ò lu agolo. Àmọ́ ẹni tó bá ti pinnu pé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lónìí ò já mọ́ nǹkan kan, pé èsì ìkẹyìn nìkan ló wà, tó sì ti lo ọdún mẹ́ta láti kọ́ ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó ti rìn jìnnà díẹ̀ lójú ọ̀nà yẹn kó tó gbọ́ ìró agolo.

Chicago ti apá kejì, àwọn Cubs, náà tún ilé kọ́. Wọ́n pàdánù 101 ní 2012. Wọ́n tọ́ ọmọ, wọ́n sì tún náwó: 155 mílíọ̀nù fún Jon Lester. Ní 2016, wọ́n gba ife, àkọ́kọ́ láti 1908. Ní ọjọ́ wọ̀nyẹn, àwọn ènìyàn gbé ẹfun lọ sí Wrigley Field, wọ́n ń kọ orúkọ sára ògiri bíríkì rẹ̀. Orúkọ bàbá, orúkọ ìyá àgbà, orúkọ àwọn tó dúró de ife yìí títí tí ilẹ̀ fi mu wọ́n. Ògiri náà kún débi tí ọwọ́ lè dé. Àwa tí a wo àwòrán rẹ̀ láti òkèèrè, ó wọ̀ wá lára. Ayọ̀ ni, ó sì tún jẹ́ àkọsílẹ̀ gbèsè tí kò sẹ́ni tó lè san mọ́.

Ní Pittsburgh lónìí, ajubọ́ọ̀lù kan wà tó ń jẹ́ Paul Skenes. Ìpàdánù ni Pirates fi rí i; òun ni wọ́n kọ́kọ́ mú nínú draft 2023. Ní 2025, ó gba àmì ẹ̀yẹ Cy Young, èyí tí wọ́n ń fún ajubọ́ọ̀lù tó dára jù, owó tí ẹgbẹ́ sì san fún un lọ́dún náà ò tó mílíọ̀nù kan dọ́là. Pirates ò tíì gba World Series láti 1979. Wọ́n ní kí àwọn ènìyàn ní sùúrù, pé wọ́n ń kọ́ ilé yí i ká. Bí òfin tó wà nílẹ̀ ò bá yí padà, lẹ́yìn sáà 2029 ló máa di free agent. Àwọn ará Pittsburgh ti ń fi ìka ka ọdún náà.